Àálè Tí Mo So Mọ́ Omi Olómi

Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀. Ẹni tó bá ń jẹun kó máa jẹ ẹ́ lọ, etí yín ni mo fẹ́ yá, n kò fẹ́ ẹnu yín. Láti ọjọ́ tí mo ti padà dé ìlú yìí lẹ ti ń wò mí lọ́nà kan, tí ẹ ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé, “Ọdẹ́jìnmí kó àwọn ọmọ wa lọ sínú igbó, òun nìkan ló padà wálé.” Mo gbọ́. Ọdẹ kì í di adití. Etí ló ń kọ́kọ́ fi pa ẹran kó tó fi ìbọn pa á. Lónìí ni n ó sọ bó ṣe jẹ́ gan-an. Ẹni tó bá ṣì fẹ́ bú mi lẹ́yìn tí mo bá sọ ọ́ tán, kó bú mi, n kò ní dá a lóhùn.

Ẹ ṣáà mọ̀ mí. Èmi Ọdẹ́jìnmí, ọmọ Ọdẹ́ṣọlá tó fi ọfà kan pa ìmàdò méjì. Èmi ni mo sùn nínú ihò ọ̀yà fún ọjọ́ mẹ́ta tí ọ̀yà ń bẹ̀ mí pé kí n jọ̀wọ́ jẹ́ kí òun wọlé. Mo ti pa ẹkùn, mo ti bá òjòlá jìjàkadì lẹ́bàá odò títí tí òjòlá fi ní kí a fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ohun tí ojú mi ti rí, kò sí èyí tó dá mi lágara tó ipò igbákejì máníjà. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹni tí kò ṣe é rí. Bí nǹkan bá dára, ọ̀gá ló ṣe é. Bó bá bàjẹ́, wọn a ní igbákejì dà? Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò gbọdọ̀ ṣí ilẹ̀kùn. Wọ́n fún un ní àga, wọn kò fún un ní ẹnu.

Ibùdó àwọn agégẹdú ni, nínú Igbó Ẹlẹ́fọ̀n lọ́hùn-ún, ìrìn ọjọ́ méjì gbáko sí ojú títì. Ẹ̀ẹ̀kan láàárín ọ̀sẹ̀ méjì ni lọ́rì ń wá. Ọ̀gá Ṣówùnmí ni máníjà ibẹ̀, ọmọ tí mo lè bí ní àkọ́bí. N kò ní pa irọ́ mọ́ ọn, kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó kàn gbà pé ẹnu ni a fi ń ṣiṣẹ́ ni. Ẹnu sì dùn ún ròfọ́. Láti ọjọ́ tó ti dé inú igbó náà, kò kọjá ilé ìdáná rí. Kò mọ orúkọ mi. “Igbákejì!” ló ń pè mí, èmi a sì dáhùn pé “Sà!”, ìgbà ọgbọ̀n lójúmọ́. Wọ́n fún mi ní iṣẹ́ náà nítorí pé mo mọ igbó, àti nítorí pé àwọn ènìyàn yóò tẹ̀ lé mi. Àwọn ọmọ yín méjìdínlógójì ló tẹ̀ lé mi, pẹ̀lú Ìyá Awẹ́ró tó ń dáná fún wa. Mo dúró níwájú yín níbí yìí, mo ní ohun tó bá ṣe wọ́n, èmi ni kí ẹ bi.

Omi kan ṣoṣo la ní níbẹ̀, odò kékeré kan tó ń ṣàn wá láti òkè. Ní àárín ẹ̀ẹ̀rùn, ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, Ìyá Awẹ́ró gbé korobá lọ sódò, ó gbé e padà wá ní gbígbẹ.

“Ọdẹ́jìnmí,” ló wí, “odò ti gbẹ.”

“Ṣé ó fà ni àbí ó gbẹ, ìyá?”

“Mo ní ó gbẹ. Ẹja ń jà gùlegùle lórí iyanrìn.”

Mo lọ wò ó. Òótọ́ ni. Dúrọ́ọ̀mù omi méjì ló kù ní ibùdó, ẹnu tó lé ní ogójì ló ń dúró dè é, lọ́rì kò sì ní dé títí ọjọ́ mẹ́wàá. Ǹ bá ní kí gbogbo wa gbéra ká máa lọ, ṣùgbọ́n Ládépò wà lórí ẹní, ẹni tí igi ya lé lẹ́sẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú. Kò sí bí a ṣe lè gbé e rin ọjọ́ méjì nínú oòrùn yẹn láìsí omi kó má kú sọ́nà. Mo sáré lọ bá Ọ̀gá. Ó ń gé èékánná. Ó ní, “Igbákejì, lọ wá omi náà. Ṣebí ọdẹ ni ọ́?” Ó tún ní iṣẹ́ kò gbọdọ̀ dúró, kí wọ́n máa gé igi lọ, bí omi wà o, bí kò sí o.

Mo gbé ìbọn ṣakabùlà mi, mo gba ojú odò gbígbẹ náà gòkè lọ. Nígbà tí oòrùn mú, mo dé ibi tí àpáta méjì ti fi orí kan orí, mo sì bá ẹ̀dá kan tó jókòó sáàárín wọn. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Etí rẹ̀ méjèèjì fẹ̀ tó ẹní. Ó tẹ́ ọ̀kan jókòó, ó fi èkejì bora, ojú rẹ̀ sì rí wínníwínní bí ojú adìẹ.

“Ta ní ń fi ẹsẹ̀ gún mi létí?” ló bi mí.

“Èmi Ọdẹ́jìnmí ni, igbákejì máníjà ibùdó gẹdú.”

“Kí ni igbákejì?”

“Ẹni tó tẹ̀ lé ọ̀gá.”

“Ọ̀gá tó o tẹ̀ lé dà? Ẹsẹ̀ ẹnì kan ṣoṣo ni mo gbọ́.”

“Ó wà nílé.”

“Ẹni tó jókòó sílé ló wà níwájú, ẹni tó ń rìn ló wà lẹ́yìn?” Ó rẹ́rìn-ín títí etí rẹ̀ fi ń fẹ́ ewé gbígbẹ kiri. “Mo ti ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà yìí láti ìgbà tí àpáta wọ̀nyí ti wà ní òkúta wẹ́wẹ́, n kò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Ó dáa. Bí àwọn tó ni omi bá béèrè nǹkan lọ́wọ́ rẹ kí omi lè padà, ṣé o lè sọ pé bẹ́ẹ̀ ni?”

“N ó kọ́kọ́ lọ béèrè ná.”

“Ṣé o lè sọ pé rárá?”

“Ìyẹn náà, n ó lọ béèrè.”

“Lọ béèrè nígbà náà, kí ẹni tó lè sọ ọ̀kan nínú méjèèjì máa bọ̀.”

Ẹ̀yin ará mi, inú bí mi gan-an. Bí ẹkùn ni, ǹ bá yìnbọn fún un. Ṣùgbọ́n òótọ́ kì í ṣe ẹran, ìbọn kì í pa á. Mo padà sí ibùdó. Mo bẹ Ọ̀gá, mo ní, “Ẹ jọ̀wọ́ sà, ẹ bá mi kálọ, wákàtí mẹ́ta péré ni.” Ó ní òun kò lè fi ọ́fíìsì sílẹ̀. Ọ́fíìsì wo? Páànù mẹ́rin àti tábìlì kan ni. Ó wá kọ ìwé lé mi lọ́wọ́, ó lu òǹtẹ̀ mọ́ ọn gbàmù. Mo ní kí akọ̀wé tó ń ka igi kà á sí mi létí. Ohun tó wà nínú rẹ̀ nìyí: “Ẹni tó mú ìwé yìí wá, ẹ gbà á bí ẹni pé èmi ni. Ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ fara mọ́ ohunkóhun láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ bi mí.” Mo ká ìwé náà, mo fi í sápò. Kí ni mo tún fẹ́ sọ?

Ní ọjọ́ kejì, dúrọ́ọ̀mù kan ló kù. Mo mú ìwé dé ọ̀dọ̀ elétí ẹní. Kò kà á, ó gbé e sí etí bí ẹni ń gbọ́ agogo ọwọ́, ó sì dá a padà fún mi. “Ìwé yìí ń sọ bẹ́ẹ̀ ni pẹ̀lú bẹ́ẹ̀ kọ́ lẹ́ẹ̀kan náà,” ló wí. “Mú un lọ.” Kó tó pa ẹnu dé, ẹ̀rọ agégi ké láti ibùdó lọ́hùn-ún. Ẹ̀dá náà wó lulẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì di orí mú, ó ń kérora. Ibẹ̀ ni mo ti rí ọ̀nà mi.

“Ó ti tó ìgbà wo tó o ti sùn?” ni mo bi í.

“Láti ọjọ́ tí ẹ ti dé,” ló fi ẹkún wí.

Mo ní bí mo bá fún un ní oorun, ṣé yóò fún mi lọ́nà? Ó ní ṣé n kò ní kọ́kọ́ lọ béèrè lọ́wọ́ Ọ̀gá kí n tó ṣèlérí ni? Mo ní oorun kì í ṣe ti Ọ̀gá, mo lè fi tọrẹ. Ni mo bá tú àpò ọdẹ mi, mo kó gbogbo òwú tí mo fi ń dí ẹ̀tù mọ́nú ìbọn, mo sì dí i sí i létí méjèèjì, pátápátá, ìkúnwọ́ mẹ́ta mẹ́ta. Ojú rẹ̀ rọ̀. Ó yí sí ẹ̀gbẹ́ kan. “N kò gbọ́ ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni,” ló wí, ó sì ń hanrun.

Mo kọjá. Orí mi wú, mo ń yin ara mi bí mo ti ń lọ, mo ní ta ló tún gbọ́n bí ọmọ Ọdẹ́ṣọlá? Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ, n kò mọ̀. Bí mo ti yọ sí pápá kékeré kan, akọ ẹfọ̀n kan gbé orí sókè nínú koríko, ó wò mí, inú rẹ̀ kò sì dùn sí ohun tó rí. Ó kọrí sí mi. Mo na ọwọ́ sí àpò kí n ki ìbọn, mo sì rántí pé òwú mi wà nínú etí ẹlòmíràn. Ẹ ò rí i pé eré ló kù. Igi ọ̀mọ̀ kan wà níwájú, n kò mọ ìgbà tí mo gùn ún. Ìwo ẹfọ̀n náà fa bàtà ẹsẹ̀ òsì mi bọ́, ó tẹ̀ ẹ́ wọlẹ̀, ó sì dúró sábẹ́ igi, ó ń fọn imú.

“Sún síbẹ̀ yẹn,” ni ohùn kan wí lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. “Ẹ̀ka yìí ni mo ti wà láti àná.”

Mo yíjú. Ẹ̀dá kan ló jókòó, ó tinrín, ewéko tútù hù sí èjìká rẹ̀, omi sì ń kán ní ìka ọwọ́ rẹ̀ tó, tó, tó, láìdúró. Mo bi í pé ta ni. Ó ní, “Igbákejì Olómi ni mí. Ọ̀gá mi ló ni gbogbo omi orí òkè yìí.” Ọwọ́ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ lára igi.

“Kí lo wá ń ṣe lórí igi?”

“Ọ̀gá mi ní kí n da ẹfọ̀n yìí lọ síbi tí ẹran ti ń lá iyọ̀ ilẹ̀. Mo ní ẹfọ̀n yìí ń kan ènìyàn. Ó ní kí n dà á lọ.”

“O ò tún sọ fún un lẹ́ẹ̀kejì?”

“Ó ń sùn. Ó ti sùn kí wọ́n tó bí baba ńlá rẹ. Ojú oorun ló ti ń pàṣẹ. Bí mo bá jí i, mo ti ṣẹ̀. Bí n kò bá jí i tí nǹkan bá bàjẹ́, èmi náà ni mo ṣẹ̀.”

Mo wò ó, ó wò mí. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé iwin àti ènìyàn kò lè mọwọ́ ara wọn, irọ́ ló ń pa. Ẹ kàn fi ọ̀rọ̀ ọ̀gá sí àárín wọn. Títí oòrùn fi kúrò ní àtàrí la ń rojọ́ lórí igi náà. Mo sọ ti ìwé olóǹtẹ̀, ó sọ bí ọ̀gá rẹ̀ ṣe ní kí òun rọ òjò sókè dípò ìsàlẹ̀. Nígbà tó yá, mo ya etí gbérí, ẹ̀wù ọdẹ tí mo wọ̀, mo ní, “Bá mi di ẹnu ìbọn mú, kí n ki aṣọ yìí bọ̀ ọ́. Má jẹ́ kí omi kán sí ẹ̀tù.” Ó fi ọwọ́ kan di ìbọn mú, ó na èkejì jìnnà sẹ́yìn kó lè máa kán lọ síbẹ̀.

“Ta ló fún wa láṣẹ?” ló bi mí.

“Kò sí.”

Ẹnu rẹ̀ yà díẹ̀, mo rí i pé ẹ̀rín ni. Mo yìn ín sí òfuurufú. Ẹfọ̀n náà fò, ó tú koríko ká, a kò gbúròó rẹ̀ mọ́.

Ó mú mi dé ẹnu ìsun, níbi tí omi ti ń yọ tẹ́lẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti rí ohun tí n kò tíì sọ fún yín nítorí ìtìjú. Àálè wà níbẹ̀: kùùkù àgbàdo kan, àkísà pupa, ìkarahun ìgbín, màrìwò ni mo fi so wọ́n mọ́ igi. Èmi ni mo so ó ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé, kí odò tó gbẹ, nígbà tí elétí ẹní kò tíì fara hàn mí. Àwọn tó ń sun èédú ní ẹ̀yìn òkè máa ń wá pọnmi níbẹ̀, Ọ̀gá sì ní kí n so nǹkan tí yóò lé wọn. Mo sọ fún un pé a kì í so àálè mọ́ omi. Orí igi ìdáná la ń so ó mọ́, orí iṣu, orí ohun tí a fi ọwọ́ ara wa ṣe. Baba mi nà mí nítorí rẹ̀ nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Ó ní, “Igbákejì, ṣe ohun tí mo wí.” Mo sì ṣe é.

“Àwa la kọ́ àwọn baba yín ní àálè,” ni Igbákejì Olómi wí. “Bí wọ́n bá so ó, ẹnikẹ́ni kì í ré e kọjá, títí kan àwa náà. Ilẹ̀ mọ́, a bá a lẹ́nu ilẹ̀kùn wa. Kí la ó ṣe? A kó omi wa, a gba ẹ̀yìnkùlé jáde.”

“Jẹ́ kí n tú u.”

“Ẹni tó ni ín ló ń tú u. Ṣé tìrẹ ni?”

“Ọwọ́ mi ló so ó. Ẹnu Ọ̀gá mi ló ní kí n so ó.”

“Nínú ọwọ́ àti ẹnu, èwo ló ni ín?”

Mo wo ọwọ́ mi méjèèjì.

“Bó bá jẹ́ ti ẹnu, kí ẹnu wá síbí wá jẹ́wọ́. Bó bá jẹ́ ti ọwọ́, tú u báyìí, kí omi máa bọ̀. Ṣùgbọ́n àálè tí a so mọ́ ohun olóhun, ẹni tó ni àálè ló ń jà. Omi yìí kò ní wọ ọ̀fun ẹni náà mọ́ láéláé, bó ti wù kí òǹgbẹ gbẹ ẹ́ tó.” Ó wolẹ̀, ojú ń tì í. “Èmi kọ́ ni mo ṣe òfin náà. Igbákejì ni mí.”

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó yìí, n kò ní ṣe bí ẹni mímọ́ fún yín. Ó wù mí kí n sọ pé ti Ọ̀gá ni. Ọlọ́run nìkan ló mọ bó ti wù mí tó. Òótọ́ ni ì bá sì jẹ́. Ṣùgbọ́n bí mo bá sọ ọ́, mo ní láti padà lọ pè é, yóò sì tún kọ ìwé, yóò lu òǹtẹ̀, Ládépò yóò sì máa fi ahọ́n lá ètè lórí ẹní. Wọ́n ní a rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Mo ní, “Tèmi ni.” Ọdún méjì ni mo fi wà ní ibùdó yẹn, kò sí ohun kan tí mo lè nàka sí pé tèmi ni. Àga kì í ṣe tèmi, kọ́kọ́rọ́ kì í ṣe tèmi. Àálè yẹn ni mo kọ́kọ́ ní.

Mo tú u. Ilẹ̀ kùn lábẹ́ ẹsẹ̀ wa, omi sì rú jáde, ó tutù, ó mọ́, ó gba ojú ọ̀nà rẹ̀ àtijọ́ lọ. Ẹ̀dá náà bi mí ní orúkọ mi, mo sọ fún un. Èmi náà bi í ní tirẹ̀. Ó ronú títí, ó ní ó ti pẹ́ jù tí ẹnikẹ́ni ti bi òun, kí n jẹ́ kí òun rántí ná. Ibẹ̀ ni mo fi í sí.

Omi ti dé ibùdó kí n tó dé. Àwọn ọmọ yín wà nínú odò pẹ̀lú aṣọ lọ́rùn, wọ́n ń bu omi lu ara wọn. Ọ̀gá Ṣówùnmí dúró lórí kùkùté igi, ó ń sọ fún wọn pé òun ti bá àwọn tó yẹ sọ̀rọ̀ lórí omi náà, pé bí òun ṣe máa ń ṣe nǹkan nìyẹn. Ìyá Awẹ́ró bu omi kún igbá fún mi. Mo ti mọ̀, síbẹ̀ mo gbé e sẹ́nu. Omi náà dúró gbọnin lẹ́nu mi, ọ̀fun kọ̀ ọ́. Mo tu ú. Mo tún bu ú, mo tún tu ú.

“Igbákejì, o ń tu omi ibùdó dà nù lójú àwọn òṣìṣẹ́?” ni Ọ̀gá wí. “Níbo lo tiẹ̀ ti wà láti àárọ̀?”

“Ẹ̀yin lẹ rán mi níṣẹ́, sà.”

“Mo ní kí o wá omi. Omi dé, ìwọ kò sí níbẹ̀.”

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ó fún mi ní kúérì, pé kí n ṣàlàyé ìdí tí n kò fi sí lẹ́nu iṣẹ́ nígbà tí omi ń dé. N kò kọ èsì kankan. Mo sọ gbogbo ọ̀rọ̀ fún Ìyá Awẹ́ró àti àwọn ọmọ yín, wọ́n mi orí, wọ́n ní mo kú ìrọ́jú. Ọjọ́ méjì ni mo fi ń gé okùn igbó fa omi inú rẹ̀ mu. Ní ọjọ́ kẹta, mo di ẹrù mi, mo ní mo ń lọ sílé. N kò ní parọ́ fún yín, mo rò pé wọn yóò tẹ̀ lé mi. Bí ọmọdé bá ṣubú a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú a wo ẹ̀yìn; mo wo ẹ̀yìn, kò sí ẹnì kankan. Iṣẹ́ wà, omi wà, kí ni wọ́n ń bọ̀ wá ṣe nílé? Ládépò tiẹ̀ gbé igbá sókè lórí ẹní, ó ní, “Omi yìí dùn, Bàbá Ọdẹ.” Ó dùn mí wọra, ṣùgbọ́n n kò bínú sí i. Nítorí kí ó lè mu ún ni mo ṣe sọ pé tèmi ni. Ara gbogbo wọn le. Ohun tí mo ṣèlérí fún yín nìyẹn, mo sì ti mú un ṣẹ.

Mo gun òkè tó dojú kọ ibùdó. Mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé orí rẹ̀ nígbà tí ohùn Ọ̀gá là á já láti ìsàlẹ̀ wá: “Igbákejì!” Ẹnu mi ti dáhùn pé “Sà!” kí n tó rántí pé mo ti lọ. Ẹlòmíràn dáhùn pẹ̀lú mi ní ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún, ẹnu wa papọ̀, mo sì mọ ohùn náà. N kò ní dárúkọ ẹni tó ni ín. Ìyá rẹ̀ wà láàárín yín níbí yìí, inú rẹ̀ yóò dùn pé ọmọ òun ti di igbákejì, n kò sì fẹ́ kó dùn lójú mi.